Ilẹ̀ Kì Í Jẹ Bàtà Méjì Bákan Náà

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko kí wọ́n tó lọ sórí òkè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ilé Bàbá Ṣúmékà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn á rò pé àárọ̀ ọ̀la ni. Tábìlì ìjẹun ò ráyè gba abọ́ mọ́. Máàpù ti gbà á tán, wọ́n sì fi ife mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má baà ká padà. Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú okùn àgọ́ tó ti lọ́ mọ́ra bí ìfun, àti ìwé kan tí Tíṣà, ìyàwó ọmọ wọn ọkùnrin, fi bírò pupa kọ ètò ìrìn àjò náà sí, bí ẹni tó fẹ́ fún òkè ní máàkì.

"Ọjọ́ kìíní," Tíṣà kà á, "a sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì létí adágún, a rin wákàtí mẹ́ta dé ahéré àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì, wákàtí márùn-ún, a gba ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá sí ahéré kejì. Ọjọ́ kẹta, a jí ní ìdájí, a gun ṣóńṣó."

"Ìsinmi ńkọ́?" Ìyá béèrè. Fìlà olówùú ló ń hun, nítorí wọ́n ní òtútù òkè ò mọ ìgbà oòrùn.

"Ìsinmi wà ní ọjọ́ kẹrin, Mà."

"Ẹ gbọ́ o. Ọlidé tó jẹ́ pé ó di ọjọ́ kẹrin ká tó fìdí kalẹ̀."

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀wọ̀n là ń lọ," ọmọ wọn ọkùnrin ní.

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Mo kàn béèrè ni. Ẹni tó béèrè ọ̀nà ò tíì ní òun ò lọ."

Àkọ́bí ilé ni ọkọ Tíṣà yìí. Bọ́ọ̀sì ìlú ló ń wà, nítorí náà Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan ìyá tó bí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń fún un ní ìsinmi nígbà òjò, nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ọdún yìí ni ti ìgbà oòrùn kàn án, ó sì ti búra pé òun ò ní lò ó lórí àga.

Bàbá Ṣúmékà fúnra rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lábẹ́ kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan. Àwọn ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà náà ti ya dànù tipẹ́tipẹ́. Àwòrán rẹ̀ nìkan ló kù lára ògiri, òkè gíga kan tí yìnyín bo orí rẹ̀.

"Ṣóńṣó la máa dé," ó ní. "Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ṣèlérí ẹ̀ fún ìyá yín. Ìgbà tí kì í lọ bí òréré ni ò jẹ́ n tètè mú un ṣẹ."

Ojú ìhun rẹ̀ ni Ìyá ń kà lábẹ́ ahọ́n.

"Fúráìdé làwọn tó ń tọ́jú ahéré fẹ́ gba orúkọ wa," Dẹ́rẹ́bà ní. "Orúkọ, iye èèyàn, ọ̀nà tá a fẹ́ gbà. Tá a bá ti fi ránṣẹ́, kò ṣeé yí mọ́, torí ahéré tó wà lókè yẹn ò pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ nínú, kó yáa sọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ò sí nínú wọn. Ilé tí wọ́n ti máa ń fi àwàdà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni.

"Ó dáa," Tíṣà ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ gun àtẹ̀gùn."

Ilé alájà márùn-ún ni wọ́n ń gbé, ṣọ́ọ̀bù bàtà nísàlẹ̀, ilé wọn lájà kẹta. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Tíṣà ń kó wọn jọ, tí wọ́n á gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n á gun àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹsẹ̀ wọn lè mọ ohun tó ń bọ̀.

"Bàbá, ẹ ò tíì bá wa gùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," Dẹ́rẹ́bà ní.

"Ọ̀sán ni mo máa ń gun tèmi, nígbà tí ẹ ò sí nílé."

"Ta ló rí yín?"

"Àtẹ̀gùn rí mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ẹrù wọn. Bàbá tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti férémù ilẹ̀kùn. "Ẹ máa lọ," ó ní, "mò ń bọ̀." Wọ́n lọ. Kò wá.

Ẹnì kan ṣoṣo tí a ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìtàn yìí ni ọmọbìnrin wọn, àbíkẹ́yìn. Kò sì yẹ kó yà yín lẹ́nu, nítorí kò sọ nǹkan kan. Tíṣà ló sọ ọ́ ní Adákẹ́ lọ́sẹ̀ tó wọ ilé náà, orúkọ ọ̀hún sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Bí àlejò bá wá, Ìyá á máa dá a láre: "Ẹ má bínú sí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ tiẹ̀, èmi ni mo ti sọ ọ́ tán kí wọ́n tó bí i."

Adákẹ́ ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kankan. Orí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ bàtà rírán, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀ bó bá jókòó. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Bàbá kó òòlu, abẹ́rẹ́ àti ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń kan bàtà lé lórí fún un, tó ní ojú òun ò gbé òwú dúdú mọ́. Ṣùgbọ́n kó tó kọ́ ọ ní fífi òwú sójú abẹ́rẹ́ rárá, ohun mìíràn ló kọ́kọ́ kọ́ ọ.

"Bí wọ́n bá gbé bàtà wá," ó máa ń wí, "má tíì béèrè nǹkan kan. Dojú ẹ̀ dé. Ojú ń purọ́, ẹnu ń purọ́, àtẹ́lẹ̀ bàtà ò mọ irọ́ pa."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó ń kánjú, iwájú bàtà rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ìgbéraga ń gùn, gìgísẹ̀ ni. Obìnrin kan wá rí lọ́dún kan, Bàbá dojú bàtà rẹ̀ dé, ó wò ó, ó ní, "Ẹ máa gbé ọmọ yẹn sí apá kejì nígbà mìíràn." Obìnrin náà ò gbọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ilé ló fi í sí.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí Bàbá kì í fi ṣeré. Ó máa ń gbé bàtà méjì ẹnì kan náà sílẹ̀ ní ìdojúdé, á ní kó wò wọ́n pọ̀. "Ilẹ̀ kì í jẹ bàtà méjì bákan náà," á wí. "Kò sẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan á máa ṣaájú, èkejì á máa tẹ̀ lé e. Bó o bá rí bàtà tí méjèèjì gbó bákan náà, yálà wọn ò tíì wọ̀ ọ́ rí, tàbí ẹnì kan ń tàn ọ́."

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo bàtà ìrìn àjò ọ̀hún dé ṣọ́ọ̀bù, kí Adákẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ó tò wọ́n sórí pákó. Ti Dẹ́rẹ́bà, ọ̀tún ti fẹ́lẹ́ lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, níbi tí ó fi ń tẹ búrékì. Ti Tíṣà, gìgísẹ̀ òsì ti lọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń fara tì bó bá ń kọ̀wé sójú pátákó. Ti Ìyá ló wú u lórí jù. Ogún ọdún ni Ìyá fi fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn, tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ kọjá lẹ́nu yàrá àwọn tó ń ṣàìsàn, títí dòní ló sì ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni. Àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbó.

Ti Bàbá nìkan ni kò sí níbẹ̀. "Mo ti fọwọ́ ara mi ṣe tèmi," ó ti sọ fún Adákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò rò ó sí nǹkan kan. Àgbà ṣúmékà ò ní ṣàì mọ bàtà ara rẹ̀ tún ṣe.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá gbé ti Bàbá wá, ó fi bébà dì í. "Bàbá yín ní òun ti parí ẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n okùn tó fi sí i, mi ò lè jẹ́ kí wọ́n rí i lẹ́sẹ̀ ọkọ mi lórí òkè. Bá a pààrọ̀ ẹ̀. Má wulẹ̀ sọ fún un, á ní mò ń fojú òun gbolẹ̀."

Adákẹ́ yọ okùn ogbó náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló dojú bàtà ọ̀hún dé, kì í ṣe òun. Ọwọ́ tó ti mọṣẹ́ kì í dúró gbàṣẹ.

Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá tí ojú rẹ̀ ò gbé òwú dúdú mọ́ ló rán èyí, ojú abẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí eyín ọmọ ọwọ́. Imú bàtà òsì ní awọ tuntun. Imú bàtà ọ̀tún náà ní awọ tuntun. Gìgísẹ̀ òsì fẹ́lẹ́ díẹ̀ lápá òde. Gìgísẹ̀ ọ̀tún náà fẹ́lẹ́ díẹ̀ lápá òde.

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

Ó gbé wọn síbi ìmọ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ọ̀tún, ó sì rí i: lábẹ́ pólíìṣì, ilà tínrín tínrín tí sáńpépà fi sílẹ̀. Ilẹ̀ kọ́ ló jẹ bàtà ọ̀tún. Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ fá a. Ó ti ṣe bàtà tí ara rẹ̀ dá léṣe, kó lè jọ èyí tó ń ṣàìsàn.

Imú bàtà kì í gbó bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹsẹ̀ tí kò gbéra dáadáa ló ń wọ́ imú bàtà nílẹ̀. Adákẹ́ jókòó sórí àpótí, ohun gbogbo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ Bàbá tí kì í kúrò lára ògiri mọ́; ẹní ẹnu ọ̀nà tó ní kí wọ́n ká kúrò, pé ó ń kó ìdọ̀tí; "ẹ máa lọ, mò ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ àpáta wá sí i lọ́kàn. Tíṣà ti ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ sí wọn létí: ẹnì kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, apá kan àpáta, apá kejì afẹ́fẹ́, kí ẹsẹ̀ ẹni sì dá ara rẹ̀ lójú.

Bó bá sọ ọ́, ó ti ba ìrètí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ́, ó sì ti tú bàbá rẹ̀ sí ìhòhò lójú ìyàwó ọmọ. Bí kò bá sọ ọ́, ọ̀nà tóóró yẹn ò mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ni Bàbá yà sí ṣọ́ọ̀bù bó ṣe máa ń ṣe, láti wá bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ tó bá bá nílẹ̀. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. Adákẹ́ dúró títí ẹni tó wá gba sálúbàtà fi lọ, ó wá gbé bàtà méjèèjì sí i lẹ́sẹ̀, ní ìdojúdé.

"Bàbá, ẹ bá mi ka èyí."

Bàbá wò ó. Ó wo ojú pópó. Ó tún wò ó.

"Ta ló gbé e wá?"

"Ìyá ni. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ okùn."

"Okùn." Ó mi orí. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, tí mò ń dúró kó o lọ jẹun kí n tó yọ́ wọlé. Okùn ló wá tú mi fó."

"Iṣẹ́ náà dáa, sà."

"Má pọ́n mi lé. Níbo ni mo ti ṣì í?"

"Ó dáa jù ni. Wọ́n jọra."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín olùkọ́ tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nà. "Ṣé ẹ rí nǹkan," ó wí, bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi ń sọ ọ́. Ó yẹ kí n jẹ́ kí ọ̀kan ṣaájú díẹ̀."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀, sà. Láti ìgbà wo ni?"

"Òjò èṣí. Kò dùn mí o. Ì bá dùn mí, ǹ bá ti pariwo. Ẹsẹ̀ náà kàn ń gbàgbé ni. Màá ní kó gbéra, á kọ́kọ́ lọ rò ó."

"Ẹ ò sì lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Mo mọ ohun tí dókítà máa wí. Á ní kí n jókòó." Bàbá gbé bàtà òsì, ó ń fi àtàǹpàkò nu ibi tí kò dọ̀tí. "Mo ti jókòó, ọmọ mi. Jíjókòó niṣẹ́ mi. Gbogbo ẹsẹ̀ tó ti àdúgbò yìí lọ sórí òkè, ọwọ́ mi ni bàtà wọn ti kọjá. Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, wọ́n á kó iyẹ̀pẹ̀ òkè wá dà sí mi lẹ́sẹ̀, èmi ni màá gbá a. Èmi náà fẹ́ kó iyẹ̀pẹ̀ tèmi wálé lẹ́ẹ̀kan. Mo sì ti ṣèlérí fún ìyá ẹ."

Adákẹ́ yọ òwú sórí ìda, ó fà á, ó tún fà á.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn, sà," ó wí níkẹyìn. "Kó tó di Fúráìdé. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Mo gbọ́."

Àgbà tó ní òun gbọ́ ò tíì ní òun á ṣe é. Adákẹ́ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ lè dé nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn tún yí tábìlì ká. Ìwé orúkọ wà níwájú Dẹ́rẹ́bà. Ó kọ tiẹ̀, ó kọ ti ìyàwó rẹ̀, ó kọ ti ìyá rẹ̀, ó kọ ti àbúrò rẹ̀.

"Bàbá, mo kọ orúkọ yín o. Ahéré kìíní, ọ̀nà tóóró, ahéré kejì, ṣóńṣó. Ṣé gbogbo wa la fẹnu kò?"

Adákẹ́ wo bàbá rẹ̀. Bàbá ń wo òkè tó wà lára ògiri.

"Kọ ọ́," Bàbá ní.

Bírò kan ìwé. Adákẹ́ ò tíì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Kò já a gbà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ó kàn dìde, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tó gbé bàtà Bàbá pa mọ́ sí, ó sì gbé méjèèjì wá lé orí máàpù, ní ìdojúdé, láàárín àwọn ife.

"Adákẹ́," Ìyá ní, "orí tábìlì oúnjẹ?"

"Ẹ má bínú, Mà. Mi ò mọ ibòmíràn tí gbogbo yín ti máa rí i." Ó yíjú sí Dẹ́rẹ́bà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbé bírò yẹn sílẹ̀ ná."

Dẹ́rẹ́bà gbé e sílẹ̀, bóyá nítorí pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àbúrò rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó tẹjú mọ́ bàtà. "Kí ló ṣe é? Ó mọ́ tónítóní."

"Ohun tó ṣe é gan-an nìyẹn," Adákẹ́ ní, ó sì pa ẹnu dé. Ó ti sọ iye tó lè sọ. Ìyókù kì í ṣe tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ Ìyá kan ara wọn, wọ́n sì dúró. Bàbá na ọwọ́, ó gbé bàtà òsì. Ohùn tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́, bí ẹni pé olúwa bàtà ò sí níbẹ̀.

"Ẹni tó ni bàtà yìí," ó ní, "ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò gbéra mọ́. Ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lẹ awọ mọ́ ọn. Ojú tì í pé ọ̀kan gbó ju èkejì lọ, ó wá fá èyí tó dáa, káwọn ọmọ rẹ̀ má baà mọ̀. Àgbàlagbà ni. Ó yẹ kó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Dẹ́rẹ́bà dìde. "Bàbá, ọ̀nà tóóró yẹn lẹ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ yẹn gbà? Èmi ni mo máa wà lẹ́yìn yín. Bẹ́ ẹ bá yọ̀, kí lẹ fẹ́ kí n wí?"

"Jókòó, Dẹ́rẹ́bà," Ìyá ní. "O ò sí nínú mọ́tò." Ó ti gbé fìlà tó ń hun sórí itan. "Bàbá, nítorí kí ni?"

"Nítorí mo ṣèlérí ṣóńṣó fún ọ."

"Ta lẹ ṣèlérí ṣóńṣó fún?"

"Ìwọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó wa. O ti gbàgbé ni?"

"Èmi? Mi ò gbàgbé nǹkan kan níbẹ̀." Ìyá yíjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́. Yàrá kan la ní nígbà yẹn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn, gìgísẹ̀ bàtà ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá yín dìde, ó kàn án fún un. Ó padà, ó dùbúlẹ̀. Ẹlòmíràn kànkùn. Kó tó di ọ̀sán, èèyàn méje. Ìyàwó àná jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ òòlù. Nígbà tó yá, ó wọlé bá mi, gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ méjèèjì, kò lè fi kàn mí. Ó ní, 'Màá mú ọ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní gbé bàtà wá kan ilẹ̀kùn mọ́ wa.' Kò lè fọwọ́ júwe, nítorí gọ́ọ̀mù. Àgbọ̀n ló fi júwe kàlẹ́ńdà, torí òun nìkan ló wà lára ògiri." Ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ohun tẹ́ ẹ ṣèlérí nìyẹn. Kò sí ṣóńṣó níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà ló ti ṣóńṣó bọ̀ ọ́."

Bàbá yíjú wo kàlẹ́ńdà.

"Tó bá jẹ́ ibi gíga ni," Ìyá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "òòyì ń kọ́ mi bí mo bá ń sá aṣọ ní òrùlé. Ẹ̀rù òkè yẹn ti ń bà mí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mi ò kàn lè sọ ọ́ ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń wò ó nìyẹn, bí ẹni tó ń wo àwo oúnjẹ. Kí ni mo máa fi bà á jẹ́ fún? Mò ń hun fìlà kí n má baà rí ẹnu sọ̀rọ̀."

Tíṣà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí àna. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Dẹ́rẹ́bà tẹ̀ lé e. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàtà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo Ìyá bí ẹni tó ti gbé ẹrù láti òwúrọ̀, tí wọ́n wá sọ fún pé kì í ṣe òun ni wọ́n di ẹrù náà fún.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ó wí.

"Ẹ̀yin náà ò béèrè," Ìyá ní.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tíṣà ṣí ojú ewé tuntun, ó sì fi bírò pupa tọ ọ̀nà lórí máàpù títí tó fi kan adágún, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń padà. Ahéré kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ní, ilé onígi, omi níwájú, igbó lẹ́yìn, kò sì sí ilé mìíràn títí dé ibùdókọ̀. Wọ́n lè pàgọ́ létí omi bó bá wù wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn ó fi wà níbẹ̀. Ìdájí ọjọ́ kẹta ni àwọn ọ̀dọ́ á gbéra lọ sí ṣóńṣó, wọn ó sùn lókè ní òru méjì, wọn ó sì padà lọ́jọ́ karùn-ún.

"Kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn?" Ìyá béèrè.

"Àfi tó bá jẹ́ ẹyẹ, Mà."

"Ẹyẹ ò wọ bàtà. Kọ ọ́." Ó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Ó ku ọ̀kan. Mọ́ńdè, kí Bàbá tó lọ sí òkè tàbí adágún kankan, dókítà. Èmi ni mo máa mú yín lọ. Mo mọ ẹnu ọ̀nà wọn. Bí wọ́n bá ní ẹ ò lè lọ, ẹ ò ní lọ, a jọ máa jókòó sílé ni, màá sì yọ agogo ẹnu ọ̀nà kúrò."

"Mo gbọ́," Bàbá ní.

"Ẹ má gbọ́. Ẹ ní ẹ máa lọ."

Bàbá gbé bàtà òsì padà sórí máàpù. "Mo máa lọ."

Dẹ́rẹ́bà fa ìwé sọ́dọ̀, ó ya èyí tó ti kọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Adákẹ́ gbé bàtà kúrò lórí máàpù, ó fi apá aṣọ nu ibi tí wọ́n wà. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, Bàbá di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Ìwọ á lọ sí ṣóńṣó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bó o bá sọ̀ kalẹ̀, má nu bàtà ẹ. Má gbọn nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀. Gbé e fún mi bó ṣe wà. Mo fẹ́ kà á."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Adákẹ́ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọ̀bẹ ṣí awọ tuntun kúrò ní imú bàtà ọ̀tún, ojú abẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn ún láti tú iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, àyàfi ibi tí sáńpépà ti kàn án, imú bàtà náà le koko. Yóò sin olówó rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i. Ti òsì, ó fi awọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i ní iwájú, kó má baà máa kọ́ ilẹ̀. Ó gbé méjèèjì sílẹ̀ pọ̀. Wọn ò jọra mọ́.

Bàbá wá wọ̀ wọ́n ní ọ̀sán. Ó rìn dé ojú ọ̀nà, ó padà. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ náà, kò sì fi bò mọ́. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, tí Adákẹ́ gbé àpò rẹ̀, tó sì ti gun àtẹ̀gùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó gbọ́ bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára irin àtẹ̀gùn.

"Adákẹ́."

"Sà?"

"Dúró dè mí."